Omi Ilé Ọkọ Munia

Tí wọ́n bá ní ẹnìkan kì í jáde nílé, àsọdùn ló sábà máa ń jẹ́. Ti Munia kì í ṣe àsọdùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ilé Ramkunwar, ìyá ọkọ rẹ̀, ní ìlú Atarra gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ títì tó wà níwájú ilé náà. Inú àgbàlá ló ń gbé: ògiri yí i ká, kànga kan wà láàárín, ojú ọ̀run wà lókè. Ilẹ̀kùn àgbàlá já sí ìloro, ìloro já sí títì, ẹnu ìloro yẹn sì ni Ramsanehi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń jókòó sí ti àwọn ìkòkò pánà, ohun mímu tútù tó ń tà. Munia ló ń ṣe pánà náà. Gbogbo Atarra ló mọ adùn ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ojú rẹ̀ nínú wọn.

Pánà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tó le koko tó sì kan gógó. Munia á tò wọ́n sínú eérú gbígbóná, á fi ẹyin iná bò wọ́n, á máa yí wọn títí èèpo wọn á fi dúdú tí inú wọn á sì rọ̀. Tí wọ́n bá tutù tán, á bó wọn, á fún ẹran wọn kúrò lára kóró, á lọ ewé míńtì àti irúgbìn kúmínì tó ti yan lórí ọlọ, á fi iyọ̀ dúdú àti ṣúgà pupa sí i, á wá fi omi àmù pò ó. Ẹni tó bá mu ife kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní lú kò ní rí i gbé ṣe. Tí lú bá ń fẹ́ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ajá pàápàá kì í jáde, ẹni tó bá sì ṣe agídí jáde, wọ́n lè gbé e wálé. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: ẹni tó ń po oògùn lú fún gbogbo ìlú, ìdí iná lòun jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tòun ti oyún oṣù kẹjọ.

Tí ìkòkò bá ti ń gbẹ lóde, Ramsanehi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Munia á fa etí sárì, aṣọ gígùn tó ró, bojú, á gbé ìkòkò mìíràn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á mi ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kí ọkùnrin náà lè mọ̀ pé ó ti délẹ̀, á sì sá padà. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ sétí ẹ̀gbọ́n ọkọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó rí ojú òun. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà nìkan ni Munia mọ̀, tó máa ń rí lábẹ́ etí aṣọ, ẹsẹ̀ gbọọrọ tí èékánná rẹ̀ kan ti dúdú. Kò nà án rí, kò bú u rí, kò sì bá a rẹ́rìn-ín rí. Harprasad ọkọ rẹ̀ gan-an wà ní Surat níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ aṣọ híhun, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń ránṣẹ́ sílé: ohun tí Ìyá bá ti wí, òun náà ni kí ẹ ṣe.

Ìyá kò sì wí ohun tí Munia fẹ́ gbọ́. Láàárín àwọn ènìyàn wọn, ilé bàbá ni obìnrin ń lọ bí àkọ́bí rẹ̀ sí. Ẹni ilé bàbá ló gbọ́dọ̀ wá mú un, ilé ọkọ ló sì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyàwó tó bá dá jáde ti sá lọ nìyẹn, kò sì sí ilé tó máa ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ wá láti Bilgaon, ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n tún ti ránṣẹ́ wá, èsì kan náà ni Ramkunwar ń fún wọn: ẹ jẹ́ kí máńgòrò tán ná. Máńgòrò kì í sì í tán kí òjò tó dé. Oyún kò mọ̀ pé òun ní láti dúró de òjò.

Ẹ̀rù ń ba Munia, ẹ̀rù gidi. Yàrá kan wà ní igun àgbàlá náà tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná sí. Inú rẹ̀ ni ìyàwó Ramsanehi kú sí lórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ, nígbà tí Munia kò tíì délé náà. Ojoojúmọ́ ni Munia ń wọ ibẹ̀ lọ kó ohun ìdáná, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ó bá a ní gbígbá. Wọ́n ti kó ìgbẹ́ ibẹ̀ jáde, wọ́n sì ti gbé ibùsùn kan wọlé.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ náà ni Dhaniram bàbá rẹ̀ dé.

Ìdí iná ni Munia wà tó ti gbóhùn rẹ̀ lóde. Ó fi máńgòrò sílẹ̀, ó lọ fi ojú kan ihò ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o, àna mi," Dhaniram ń wí. Eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di pupa. "Mo wá mú ọmọ mi."

"Háà! Bàbá ìyàwó wa!" Ramkunwar jáde sí ìloro, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. "Nínú oòrùn yìí? Ṣé kò sí àgbà ní Bilgaon tó lè dá yín dúró ni? Ramsanehi, bu pánà fún bàbá, kó kún dáadáa."

"Ẹ má ṣe yọnu. Ẹ kúkú mọ̀ pé n ò lè mu ún."

"Mo mọ̀ o. Ẹnu ni mo fi ń ṣe yín lálejò."

Bàbá tó bá fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ níbẹ̀, ọrẹ ló fi í ta. Ẹni tó ta ni lọ́rẹ tó tún wá ń jẹ ń mu nídìí ọrẹ náà ti sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò, ó ti ta ọmọ rẹ̀. Nítorí náà bàbá kì í fẹnu kan nǹkan kan nílé ọkọ ọmọ rẹ̀, ìbáà ṣe omi lásán. Àwọn tó le jùlọ nínú wọn kì í mu omi gbogbo ìlú náà pátá. Dhaniram wà lára àwọn tó le jùlọ. Omi Bilgaon ló máa ń bù sínú ife idẹ onídérí tó fi ń rìnrìn àjò.

"Omi tiyín ńkọ́?" Ramkunwar bi í, nítorí ó ti rí i pé ife náà ṣófo.

"Bọ́ọ̀sì wa bàjẹ́ lọ́nà, mo ti mu ún tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọ di ẹrù rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń padà lọ kò ní pẹ́ ṣí."

"Ẹrù kẹ̀? Ta ló ń lọ síbo? Bàbá ìyàwó, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹni tó fi màlúù ta àlùfáà lọ́rẹ, ṣé ó máa ń padà lọ sọ pé kó jẹ́ kóun mú un wálé wá bímọ?"

Ọkùnrin kan tó ń mu pánà lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Màlúù kọ́ lọmọ mi," Dhaniram ní.

"Ta ló pè é ní màlúù? Ọwọ́ ọ̀tún mi ni. Ẹ wo èrò tó dúró. Tó bá lọ, ta ló máa ṣe pánà fún wọn, ẹ̀yin ni? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, inú ilé yìí ni mo bí Ramsanehi sí. Bàbá tèmi kò wá mú mi, ẹnikẹ́ni kò wá mú mi. Ṣé mo kú ni?"

"Ẹ̀yin kò kú. Ẹnìkan kú."

Láti ibi ihò ilẹ̀kùn, Munia rí i tí ọwọ́ Ramsanehi dúró lójú kan, tòun ti ìgbákọ.

Nígbà tí Ramkunwar máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìyàwó mi ò lọ síbì kankan. Ó parí."

"Ó dáa náà. Èmi náà ò dìde." Dhaniram bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Láyé ọjọ́un títí di òní, ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ láìjẹ láìmu, tó ní ohun kan lòun fẹ́ gbà, tó bá kú síbẹ̀, ọrùn rẹ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Ramkunwar mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ agídí ò jẹ́ kó fi hàn. "Ẹ jókòó dáadáa," ló ní. "Oòrùn ilé wa pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni." Ló bá wọlé.

Munia dì mọ́ ọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò wọ́n lójú."

"Ẹ jọ̀ọ́ ti kí ni? Èmi ni mo ní kó jókòó síbẹ̀? Lọ yí máńgòrò rẹ, ó ti ń jó."

Máńgòrò ń jó lóòótọ́. Ó padà lọ yí wọn. Ramsanehi wúkọ́, Munia gbé ìkòkò lọ. Ó padà wá, ó bó máńgòrò, ó lọ ewé, ó po omi, Ramsanehi tún wúkọ́. Bó ṣe ń gbé e jáde ló ń gbọ́ tí wọ́n ń gbé ife sẹ́nu lóde, tí wọ́n ń ṣe "àáà" bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ èrò, àwọn onímọ́tò, àwọn tí kò mọ bàbá ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn, gbogbo wọn ni pánà Munia ń tù lára. Bàbá tó bí i wà níwájú wọn tí ètè rẹ̀ ti là. Ó wá ń ṣe Munia bíi pé kó fi orí fọ́ àmù náà, kí gbogbo rẹ̀ dànù.

Gbogbo ìgbà tó bá rí àyè ló ń padà lọ síbi ihò ilẹ̀kùn. Lákọ̀ọ́kọ́, òógùn bo bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, òógùn náà gbẹ. Ọmọ Atarra kò ní láti bi ẹnikẹ́ni ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí kò làágùn mọ́ nínú lú, ara rẹ̀ ti ń se nínú. Lẹ́yìn náà ni Dhaniram bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ó ń pe ìyá Munia pé kó so ẹfọ̀n wọlé, òjò ti ṣú. Kò sí òjò kankan. Ló bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Munia kò rántí pé òun rò ó. Ó gbá àwọn máńgòrò tó ti tutù sínú àwo, ó bu pánà sí ife, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣí, ó sì rékọjá ìloro bọ́ sí títì. Etí sárì rẹ̀ ti já bọ́ sí èjìká. Oòrùn là á lójú tó fi ṣẹ́jú lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa ríran, Ramsanehi ló kọ́kọ́ rí. Ojú ọmọdé ló wà lójú ọkùnrin náà, ìbẹ̀rù sì kún ibẹ̀. Kíá ló ti fi aṣọ ìnura rẹ̀ bo orí ara rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bojú fún ló wá ń bojú.

Munia kúnlẹ̀. Ó fọ́ máńgòrò sọ́wọ́, ó fi ń pa bàbá rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi ń pa á ní àtẹ́lẹwọ́ àti àyà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ẹni tí lú bá mú tí kò lè gbé nǹkan mì, máńgòrò á fa ooru náà jáde. Ó ń pa á, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń pè é. Ó pẹ́ kí òógùn tó yọ lórí imú ọkùnrin náà. Ó lajú. Ó wo ẹni tó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá fa ẹsẹ̀ náà yọ.

"Munia! Ẹsẹ̀ mi? Ṣé o fẹ́ kó ẹ̀ṣẹ̀ bá mi ni?" Nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá ló ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún un, ọmọbìnrin kì í fọwọ́ kan ti bàbá.

"Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, tèmi ni. Bàbá, ẹ mu èyí."

Ó gbé ife sí i lẹ́nu. Dhaniram pa ẹnu dé.

"Ẹ máa kú o."

"Kí n kú."

Munia bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ohun tó sọ yìí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Bàbá, ilé ọkọ ọmọ yín ni ẹ kì í ti í mu omi. Tí ẹ bá mu ún, á jẹ́ pé ibí kì í ṣe ilé ọkọ mi mọ́ nìyẹn. Ẹ ti gba ọrẹ yín padà. Ẹ mu ún, ká máa lọ. Ká má padà wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yé Dhaniram. Munia rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ó wo ife náà fún ìgbà pípẹ́.

"Mo wá tọrọ rẹ ni, ọmọ mi," ló ní. "N ò wá gbà ọ́ padà."

Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pánà náà ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì kán sínú eruku.

Inú bí Munia. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí i sí Ramkunwar, èyí ti mọ́ ọn lára. Ti bàbá yìí tuntun, ó sì gbóná ju ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ lé lọ. Ó da ìyókù pánà náà sílẹ̀, ó da ojú ife délẹ̀, ó sì jókòó ti bàbá rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà bíi tirẹ̀.

"Omi tí ẹ ò mu, èmi náà ò mu ún."

Ramkunwar ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó! Wọlé kíá! O ò rí i pé ọkùnrin kún títì ni?"

"Wọ́n ti rí ojú mi, Ìyá. Ó ti tán."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Nínú oòrùn? O fẹ́ pa ọmọ-ọmọ mi?"

"Kò tíì délé yín, Ìyá. Ilé tèmi ló ṣì wà."

Àwọn obìnrin ti ń yọjú lórí òrùlé. Ẹnìkan ní kí Ramkunwar fà á wọlé, ẹlòmíràn ní ẹni tó bá fọwọ́ kan aboyún tó jókòó báyìí ti fọwọ́ fa ègún. Àwọn oníbàárà ń gbé ife sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ́ lọ. Ta ló máa dúró mu nǹkan tútù níwájú irú èyí? Ìkòkò tó kù gbẹ. Ramsanehi gbàgbé ara rẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó gbé òmíràn wá.

Ilẹ̀ ń jó Munia lábẹ́ sárì. Lú ń fẹ́ eruku sí i lójú. Ọmọ inú rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé Munia fọwọ́ di ikùn mú, ẹ̀rù sì bà á ju ti yàrá àárọ̀ yẹn lọ. Ó fẹ́ dìde. Ó mọ̀ pé tóun bá dìde báyìí, inú yàrá yẹn lòun ń lọ. Kò dìde.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Ramsanehi ni. Ó ṣì kọjú sí ògiri, aṣọ ìnura ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?" Ramkunwar ní.

"Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé obìnrin kan jáde nínú yàrá yẹn. N ò ní gbé ìkejì, Ìyá. Ẹ wá ẹlòmíràn tó máa gbé e."

Ramkunwar wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó wo aboyún tó jókòó sílẹ̀. Ó rọra jókòó sórí ìloro.

"Ẹnikẹ́ni kò wá mú èmi," ló ní, àmọ́ kì í ṣe ẹnì kankan ló ń bá wí. Ó fi abẹ̀bẹ̀ lu ilẹ̀. "Kí lò ń wò lógiri? Lọ pe oníkẹ̀kẹ́ èrò. Kí wọ́n lọ wá ibi tí kò sí ọmọ wọn tó fọ́kọ síbẹ̀, kí wọ́n lọ mu omi wọn níbẹ̀. Ìyàwó, o gbọ́? Mo yọ̀ǹda ẹ."

Munia kò di ẹrù. Kò wọlé mọ́ rárá, ó bẹ̀rù pé tóun bá wọlé, ilẹ̀kùn lè tì. Bó ṣe wà náà ló wọ kẹ̀kẹ́ èrò, tòun ti eérú lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ fara tì í. Wọ́n kọjá ibùdó bọ́ọ̀sì, níbi tí bọ́ọ̀sì wọn ti ṣí lọ, wọ́n kọjá ilé ìwé, àwọn ilé ń dínkù. Ọmọ inú rẹ̀ ta á nípàá, ó sì bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Igi, ewúrẹ́, ọkùnrin kan tó ń tún táyà ṣe, gbogbo rẹ̀ ló dùn ún wò.

Lódìkejì odò, níbi tí ilẹ̀ Atarra parí sí, ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Munia sọ̀kalẹ̀, ó ń fà á. Dhaniram gbé ẹnu sábẹ́ rẹ̀, ó mu bí akọ màlúù tó ti oko dé, ó dà á sórí, ó fi fọ ojú, ó tún mu.

Nígbà tó máa gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti padà sípò. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ tó wà nínú ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀tàn.

"O rí i? Ìyá ọkọ rẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ló fi yọ̀ǹda rẹ, gbogbo àdúgbò ló gbọ́, orúkọ wa kò sì bàjẹ́. Fọkàn balẹ̀, bímọ rẹ. Tí òjò bá ti dá tí ọmọ sì ti le díẹ̀, èmi fúnra mi ni màá mú ẹ̀yin méjèèjì padà síbẹ̀."

Ọwọ́ Munia dúró lórí ẹ̀rọ náà.

"Tí n bá ní n ò padà ńkọ́, Bàbá?"

"O ní o ò padà?" Dhaniram tún bu omi sójú. "Màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé tèmi nìyẹn, n ò ní jẹ, n ò ní mu, títí wàá fi dìde."

Àwàdà ló fi ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Munia kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ bàbá rẹ̀. Ó lè jókòó.